Òkìtì Tó Gún Régé Jù

Ìyádùnní na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi èékánná ha ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Àwọn àmì róbótó-róbótó tó wà níbẹ̀ tò tẹ̀lé ìlà gbọọrọ kan bí ìjàlọ tó ń ṣí lọ, wọn ò ti ara wọn, wọn ò yà, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Ibẹ̀ ni mọ́kànlá ti ya kúrò lẹ́gbẹ́. Wọ́n fò sókè lápá ọ̀tún, wọ́n sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìjà.

“Màdáámù, ẹ yọ wọ́n dànù,” Dókítà Akínlabí ń wí nínú fóònù. Ó ń jẹ nǹkan kan tó ń dún kùrúmù-kùrúmù lẹ́nu. “Àwọn ni wọ́n ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́.”

“Kí n yọ wọ́n dànù? Dókítà, ènìyàn ni wọ́n.”

“Nọ́ńbà ni wọ́n.” Ó gbé ohun tó ń jẹ mì. Ìyádùnní gbọ́ bó ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. “Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ti gún régé, mo máa yà sọ́dọ̀ yín láago mẹ́rin, màá buwọ́ lu iṣẹ́ ọmọ náà kí n tó padà sí Ìbàdàn. Bí kò bá gún, ọdún tó ń bọ̀ ló máa jáde. Èmi ò ní àsìkò eré.”

Ó pa fóònù. Ìyádùnní fi etí aṣọ nu etí ara rẹ̀, bí ẹni pé òróró oúnjẹ ọkùnrin náà ti ta sí i.

Ọmọ tí wọ́n ń sọ, Bọ́láwùmí, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì, Dókítà Akínlabí sì ni olùkọ́ tó ń bojú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ọmọ náà ti lọ bá ogóje obìnrin ilé ọkọ ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ó bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́wàá nípa ìrònú tó ń gbé lọ́kàn. Nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni oorun kọ̀ tí kò wá? Ẹ̀ẹ̀melòó ni oúnjẹ kọ̀ tí kò lọ lọ́fun? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé méje. Ẹni tí ìrònú ò bá kàn rárá á ní òdo, ẹni tó bá ń gbé e mì tọ̀sán-tòru á ní àádọ́rin. Iṣẹ́ Ìyádùnní ni láti kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn nọ́ńbà náà jókòó bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe fẹ́ kí wọ́n jókòó.

Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe fẹ́ ẹ nìyí. Ẹ mú àpò gàrí, ẹ ya ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dà sórí ẹní láti ojú kan ṣoṣo. Á ga láàárín, á máa rọra lọ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀ ni yóò sì dé etí ẹní. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà ènìyàn rí: ọ̀pọ̀ wà láàárín, àwọn díẹ̀ wà ní etí. Bí òkìtì bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó tò, wọ́n á lè ṣe gbogbo ìṣirò tó kù lé e lórí. Bó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú wọn á fà ro.

Kò sí yunifásítì tó fún Ìyádùnní níwèé ẹ̀rí kankan. Àgùnbánirọ̀ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìlá ló lọ, tó fi ìwé ìṣirò mẹ́ta sílẹ̀ fún eku. Nígbà náà ni Ìyádùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Inú ń bí i, kò rí ẹni lù, ó bá kọjú sí ìwé. Títí dòní, àwọn tó ti gbọ̀ngàn yunifásítì jáde ló ń gbé nọ́ńbà wọn wá fún un, tí wọ́n á sì máa bú u lẹ́yìn ní adálémosú. Ó gbọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó gbọ́.

Ó yọ mọ́kànlá náà. Kì í ṣe pé ó gbà fún dókítà. Ó fẹ́ rí ibi tí ìwà ìríra náà máa já sí ni. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó sì fọhùn: kò sí àbùkù kankan. Òkìtì náà jáde sójú kọ̀ǹpútà, ó ga láàárín, ó tẹ̀ lọ́tùn-ún bó ṣe tẹ̀ lósì.

Bí Ìyádùnní ṣe rí i ni itọ́ kíkan sun sí i lẹ́nu. Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò rí ènìyàn gidi tó jókòó báyìí rí. Ènìyàn gidi máa ń ṣe wúruwùru. Èyí dà bí eyín àtọwọ́dá lẹ́nu arúgbó: ó funfun, ó dọ́gba, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ti onítọ̀hún níbẹ̀.

Ó to àwọn nọ́ńbà náà ní agboolé-agboolé. Ilé kìíní: mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún, ogún, mọ́kànlélógún, ogún. Ilé kejì: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò dé ilé kẹrin tó fi dìde.

“Bọ́láwùmí!”

“Mà!”

“Abẹ́ igi wo lo jókòó sí?”

“Igi wo, mà?”

“Igi tó o jókòó sábẹ́ rẹ̀ tó o fi ń hùmọ̀ ìdáhùn fún odidi agboolé mẹ́rìndínlógún! Ṣé o jẹ bọ̀ọ̀lì sí i ni, àbí o fi ebi kọ ọ́?”

“Mà, mo lọ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ sí Òkè-Ìlá.”

“Wá wo ibí yìí. Ìyàwó mẹ́jọ nínú ilé kan, mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún, bí ẹni ń ka ẹyìn sínú agbọ̀n. Ṣé orí kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé kiri ni? Ṣé wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ara wọn bó bá di àárọ̀? Má wolẹ̀, èmi ni kó o wò. Mo mọ irọ́ bí mo ṣe mọ òórùn ẹja tó ti rà. Ìwọ lo kọ ọ́.”

Ọmọ náà la ẹnu. Ó wo ojú Ìyádùnní, ojú rẹ̀ sì dúró síbi ẹnu obìnrin náà, bí ẹni tó ń ka nǹkan lára rẹ̀.

“Àbí ìwọ kọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà.” Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Kò tiẹ̀ sunkún. Ìyẹn gan-an ló tún wá rí Ìyádùnní lára jù. Ó gbé fóònù, ó pe Dókítà Akínlabí padà, ó sì rò fún un, láìfi iyọ̀ sí i. Dókítà bú ramúramù. Ọmọ burúkú! Ọmọ tí kò ní láárí! Ó máa tún ọdún kan gbáko ṣe, bó bá tiẹ̀ rí ẹni gbà á. Òun ṣì ń bọ̀ láago mẹ́rin, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyádùnní ń gbọ́ ọ, ó ń wo ara ògiri. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n gbọ̀n ènìyàn mọ́kànlá dànù bí èèrà orí búrẹ́dì, òun ló ń bínú yìí pé ẹnìkan parọ́.

“Máa lọ sílé,” ó wí fún Bọ́láwùmí. “Kó o padà láago mẹ́rin. Ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ ọ́ fún un.”

“Ẹ ṣé, mà,” ọmọ náà wí. Ẹ ṣé! Ìyádùnní fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bàtà lù ú.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù dá tán ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lára. Àwọn mọ́kànlá. Bó bá jẹ́ pé Bọ́láwùmí ló hùmọ̀ gbogbo rẹ̀, kí ló dé tó fi hùmọ̀ mọ́kànlá tó máa ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́? Òpùrọ́ wo ló ń rán aṣọ tó gún, tí yóò tún wá fi ọ̀bẹ ya á lápá ọ̀tún? Ó tú àpò fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ṣa mọ́kànlá náà. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta. Mẹ́rìndínláàádọ́rin. Orúkọ agboolé wà lókè gbogbo fọ́ọ̀mù tó kù. Lórí mọ́kànlá yìí, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ nǹkan mìíràn dípò rẹ̀, wínníwínní: ibi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Ó ti ilẹ̀kùn. Fàrúkù ọlọ́kadà wà ní oríta, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gbé ara rẹ̀ dúró.

“Màmá oníṣirò! Ojú yín le. Ta lẹ fẹ́ lọ bá jà?”

“Irọ́ ni. Gbé mi lọ sí Òkè-Ìlá.”

“Irọ́ ń gbé Òkè-Ìlá? Mo rò pé Àbújá ló kọ́lé sí.”

“Bó bá ti kọ́lé sórí ọ̀kadà rẹ yìí, sọ fún un kó sún fún mi.”

Fàrúkù rẹ́rìn-ín dé ìdajì ọ̀nà. Ìyádùnní kò rẹ́rìn-ín. Eruku pupa ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń tu ú dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Nínú agboolé tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù kìíní, àwọn obìnrin ilé jókòó yípo, wọ́n ń pa ẹkùrọ́. Òkúta ń ró lórí òkúta. Ìyá Oyèdọ̀tun, tó jẹ́ ìyálé gbogbo wọn, wà lórí àpótí tirẹ̀ lábẹ́ ibòòji, àwọn yòókù tò sílẹ̀ bí ọjọ́ tí kálukú wọlé ọkọ ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ìyádùnní kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ọmọbìnrin kan wá bi yín ní ọ̀rọ̀ níbí lóṣù tó kọjá?”

“Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń kọ̀wé? Ó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ó bá wa jẹ iṣu.” Ìyá àgbà náà ju ẹkùrọ́ kan sẹ́nu. “Kí ló jí?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

“Kò jí nǹkan kan, mà.”

Ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde. Ó ní òun kàn fẹ́ tún ìbéèrè kan bi wọ́n, òun ò ní pẹ́. Nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni oorun kọ̀ tí kò wá nítorí ìrònú?

Òkúta dákẹ́. Kò sí ẹni tó wo Ìyádùnní. Àpótí ni gbogbo wọn kọjú sí.

“Á tó ẹ̀ẹ̀mejì,” Ìyá Oyèdọ̀tun wí.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi náà,” ni ẹni tó tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Tèmi ò ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ,” ni ẹnì kan wí, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ẹ̀mejì, mà.”

Ó yí wọn ká, ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó tó gbẹ̀yìn, Mosúnmọ́lá ni wọ́n ń pè é, pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti rì sínú, abẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ìwọ ńkọ́?”

“Bíi ti ìyá wa náà ni.”

“Ṣé ìyá wa ló ń bá ọ sùn ni?”

“Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì, mà.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹkùrọ́ rẹ̀.

Ìyádùnní yí padà sọ́dọ̀ Ìyá Oyèdọ̀tun. “Mà, ẹ má bínú. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ní iye kan náà?”

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè pé níbo ni ilẹ̀kùn ilé wà. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, kò sí ìgbéraga. “Ta ló fẹ́ sọ pé ìrònú tòun ju tèmi lọ? Èmi tí mo sin ọkọ, mo sin ọmọ méjì. Ìyàwó tó dé lọ́dún tó kọjá á wá jókòó sójú mi, á ní òun ò rí oorun sùn? Ọmọ ta niyẹn?”

Àwọn yòókù mirí. Wọ́n mirí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyádùnní wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀. Ìyálé mẹ́rìndínlógún ló dáhùn. Àwọn tó kù kàn bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Òkìtì kéékèèké mẹ́rìndínlógún, kálukú lábẹ́ ìyálé tirẹ̀, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi di ẹyọ kan tó ga láàárín, tí ẹ̀rọ sì wò tó ní kò lábùkù. Kò sí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi kankan. Bọ́láwùmí lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó bi wọ́n, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ.

Ọdún mẹ́ta péré lòun náà lò nílé ọkọ kó tó kó ẹrù rẹ̀. Látìgbà yẹn, kò sí àpótí tó ń kọjú sí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti gbàgbé bí ẹnu ṣe ń dúró de ẹnu.

Mosúnmọ́lá ni wọ́n ní kó sìn ín dé ibi ọ̀kadà. Ìyádùnní bi í lójú ọ̀nà: àwọn obìnrin tí ọmọ yẹn bá níbi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ilé kan náà ni wọ́n ti wá?

“Rárá o, mà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ dé ló ń tò. Kálukú pẹ̀lú ilé tirẹ̀.”

“Ìyálé wọn ńkọ́?”

“Ìyálé kì í lọ ẹ̀rọ, mà. Àwa là ń rù ú lọ.”

Wọ́n dé ibi tí Fàrúkù wà. Mosúnmọ́lá tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n, ó fa ọ̀já le.

“Ẹ̀ẹ̀meje ni, mà.”

“Kí ni ẹ̀ẹ̀meje?”

“Oorun.” Ó ti ń yí padà. “Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan o.”

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí Ìyádùnní ṣí ilẹ̀kùn. Bọ́láwùmí ti wà níbẹ̀, orí ìdúró ló wà, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyádùnní fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò Dókítà Akínlabí ti ń fa taya lórí òkúta wẹ́wẹ́ níta. Lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá láìdáhùn ìkí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ibi tí òkìtì náà ṣì wà, tó ń dán.

“Áà,” ó wí. “Wò ó bó ṣe gún. Ìbá má ṣe pé ó hùmọ̀ rẹ̀ ni, iṣẹ́ gidi ni.” Ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ ẹ̀yìn òkìtì náà lọ sókè sódò bí ẹni tó ń fọwọ́ ra ẹran ọ̀sìn lára. “Irú èyí ni mò ń wá fún ìwé tèmi.”

Ìyádùnní ti rí ọ̀pọ̀ ìwọ̀sí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí ọkùnrin tó ń yọ́nú sí ohun tó ti pè ní irọ́.

“Dókítà, mo ti Òkè-Ìlá bọ̀ báyìí. Àwọn ìyálé ni—”

“Ẹ dákẹ́ ná, màdáámù. Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń ṣe àṣekágbá.” Ó nàró. “Bọ́láwùmí. Ṣé o lọ sí Òkè-Ìlá, àbí o ò lọ?”

Bọ́láwùmí kò wo ẹni tó bi í. Ẹnu Ìyádùnní ló ń wò.

Ó dúró. Kò sí ẹ̀rù lójú rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń dúró de iye tí wọ́n máa pè ni. Bó ṣe wò ó láàárọ̀ gan-an nìyẹn, kó tó sọ pé èmi ni, mà.

“Ó lọ” wà létè Ìyádùnní. Ó ti là á tán. Bó bá sọ ọ́, ọmọ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo lọ, bó ṣe sọ láàárọ̀ pé òun ni. Á sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà, á sì dúpẹ́. Itọ́ kíkan náà tún sun wá. Ìyádùnní wo dókítà, tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà ni ìríra náà ń bá wí lọ́tẹ̀ yìí, Ìyádùnní fúnra rẹ̀ ni.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ṣa bébà méjì kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó gbé wọn sórí tábìlì pẹ̀lú bírò, ó pa kọ̀ǹpútà dé.

“Jókòó sórí àga mi,” ó wí. “Kọ bó ṣe rí.” Ó di ọwọ́ agbádá dókítà mú. “Ẹ jẹ́ ká jáde.”

“Màdáámù, kí nìyẹn?”

“Ẹ jẹ́ ká jáde, mo ní.”

Ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé kó má baà rí ojú ọmọ náà, kí ọmọ náà má sì rí tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ti rẹlẹ̀ sórí páànù àwọn ilé ọ̀kánkán. Dókítà ń kùn pé irú ìranù wo lèyí, pé ọ̀nà Ìbàdàn ò sún mọ́ rárá.

“Kí lẹ rò pé ó máa kọ, gan-an?” ó bi í nígbà tó yá.

Ìyádùnní rí i pé òun ò mọ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ó di mẹ́wàá. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan láti inú ilé ju bí bírò ṣe ń ha bébà. Lẹ́yìn náà ni bírò dúró díẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ bó ṣe fa bébà kejì.